Ìtàn Ilé Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Orí Òkè Mulago

Ní ọdún 1972, àjọ Lasker ní Amẹ́ríkà fi àmì-ẹ̀yẹ ńlá dá ọ̀wọ́ àwọn dókítà kan lọ́lá, nítorí pé iṣẹ́ wọn ti fi hàn pé oògùn lè lé jẹjẹrẹ kúrò lára ènìyàn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni iṣẹ́ wọn ti so èso. Èkíní ni Denis Burkitt, ọmọ Ireland tó fi ogún ọdún ṣe dókítà ní Ùgáńdà. Èkejì ni John Ziegler, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣí wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ ní Kampala. Ẹ̀kẹta ni Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn UCH tiwa níbẹ̀.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ nílé wa, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òkè òkun ni gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ ti ń wá, tí tiwa kò ju ká tẹ́wọ́ gbà á lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára àwọn ọmọ Ùgáńdà, ọmọ Kẹ́ńyà àti ọmọ Nàìjíríà ni ayé ti kọ́ apá pàtàkì nínú ohun tó mọ̀ nípa oògùn jẹjẹrẹ. Ìmọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ wọn kíákíá, ó dé ilé ìwòsàn gbogbo àgbáyé. Oògùn tó yẹ kó padà wá bá wọn kò yára tó bẹ́ẹ̀. Kò síbi tí èyí ti hàn tó ilé ìtọ́jú kan tó wà lórí òkè Mulago ní Kampala, èyí tí wọ́n ń pè ní Uganda Cancer Institute. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ilé ìwòsàn ìjọba ló wà ní Mulago, ibẹ̀ náà sì ni Yunifásítì Makerere ti ń kọ́ àwọn dókítà, nígbà tí kò tíì sí ibòmíràn tí ọmọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ti lè kọ́ iṣẹ́ náà nílé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní ìlú náà. Albert Cook, dókítà ìjọ Kristẹni tó dá ilé ìwòsàn Mengo sílẹ̀ ní 1897, ti kọ nípa àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú. Ní 1951, J. N. P. Davies, tó ń ṣàyẹ̀wò ẹran ara ní Makerere, dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ fún Kampala àti agbègbè rẹ̀: ta ni àrùn náà mú, níbo ló ti wá, irú jẹjẹrẹ wo ni. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ pàtàkì mú ìwé yìí. Àwọn òyìnbó ìgbà náà a máa sọ pé jẹjẹrẹ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ìwé àkọsílẹ̀ yìí sì já irọ́ wọn ní Ùgáńdà. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, ẹ̀ka tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Edington ń darí ní UCH bẹ̀rẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ ní Áfíríkà.

Burkitt dé Ùgáńdà ní 1946. Ojú kan ṣoṣo ló fi ń ríran, torí pé èkejì ti fọ́ láti kékeré, síbẹ̀ iṣẹ́ abẹ ló yàn. Ní 1957, Hugh Trowell tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Mulago pè é pé kó wá wo ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lókè àti nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Burkitt wò ó títí, kò mọ ohun tó jẹ́. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ó wà nílé ìwòsàn Jinja, ó yọjú lójú fèrèsé, ó sì rí ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ lórí koríko níta. Ojú ọmọ náà wú bákan náà. Ó jáde lọ bá wọn, ó fọwọ́ kan ikùn ọmọ náà, kókó wà nínú ikùn pẹ̀lú. Nǹkan kan tó ń ṣe ọmọ méjì ní ìlú méjì, tó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó tún mú ikùn: ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó padà sí Mulago, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáìlì àwọn ọmọ tó ti kú.

Ẹni tí kò bá rí àrùn yìí rí, kí n júwe rẹ̀. Eyín ọmọ á kọ́kọ́ máa mì, ìyá á sì rò pé ó fẹ́ pààrọ̀ eyín ni. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, tí eyín á dàrú lẹ́nu, tí ẹyinjú á máa rọ́ jáde. Lára ọmọ mìíràn, ikùn ló ń kún: ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, àti ilé ẹyin bó bá jẹ́ obìnrin. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí jẹjẹrẹ tó ń yára dàgbà tó o, ọjọ́ kan tàbí méjì ti tó fún un láti di ìlọ́po méjì. Bí dókítà bá gé e, kí ojú egbò tó jinná ni yóò ti tún hù. Ọ̀bẹ Burkitt kò ràn án, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gregory O'Conor àti Davies ló wá fi maikirosíkóòpù rí i pé gbogbo kókó wọ̀nyí, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti ikùn, àrùn kan náà ni, àti pé láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa bá àrùn jà nínú ara ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Burkitt gba pọ́n-ùn 25 lọ́wọ́ ìjọba, ó fi tẹ ìwé pélébé tó ní àwòrán àwọn ọmọ náà, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà: ǹjẹ́ ẹ ti rí èyí lọ́dọ̀ yín? Èsì ń dé, ó ń kàn án mọ́ máàpù ara ògiri. Nígbà tó di Oṣù Kẹwàá 1961, òun àti Ted Williams, dókítà ilé ìwòsàn Kuluva tó tún mọ iṣẹ́ mọ́tò, àti Cliff Nelson, ọ̀rẹ́ wọn, wọ mọ́tò Ford àlòkù kan tí wọ́n rà ní pọ́n-ùn 250, wọ́n gba gúúsù lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n lò, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá máìlì ni wọ́n rìn, títí dé Gúúsù Áfíríkà. Ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, ìbéèrè kan náà ni. Ibi tí ilẹ̀ bá ga tí òtútù sì wà, àrùn náà kò sí. Ibi tí òjò kò bá ti pọ̀, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ tó móoru, tó tutù fún òjò, tó lọ sílẹ̀, ibẹ̀ ló pọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n ya ààlà rẹ̀ tán, ààlà ibi tí ẹ̀fọn ti ń fi ibà ba ọmọ jà láti ìkókó ni wọ́n yà. Nàìjíríà wà láàárín rẹ̀ gbágbáágbá.

Ní Oṣù Kẹta 1961, kí wọ́n tó rin ìrìn yẹn, Burkitt ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ náà ní ilé ìwòsàn Middlesex ní Lọ́ńdọ̀nù. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Anthony Epstein jókòó níbẹ̀, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ẹran ara tí wọ́n gé ní Kampala ránṣẹ́ sí i nínú ọkọ̀ òfurufú. Ó wá a títí, kò rí nǹkan kan. Ní Oṣù Kejìlá 1963, kùrukùru bo Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ lọ bà sí Manchester, ẹrù pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, omi inú ìgò ti rú. Ẹlòmíràn ì bá dà á nù pé ó ti bàjẹ́. Epstein wò ó, ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà fúnra wọn ló yọ kúrò lára ẹran tí wọ́n ń léfòó láàyè, ó sì tọ́jú wọn dàgbà. Inú wọn ni òun, Yvonne Barr àti Bert Achong, ọmọ Trinidad, ti rí fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Epstein-Barr lónìí, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 1964. Òun ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí nínú jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí nínú ìwé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì yóò rí orúkọ Epstein dáadáa, yóò sì rí kùrukùru. Àwọn ọmọ tó ni ẹran ara náà àti àwọn tó gé e ní Mulago kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ní Ùgáńdà ìgbà náà, kò sí ẹ̀rọ onítànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ. Ọ̀bẹ kò ràn án. Oògùn nìkan ló kù. Joseph Burchenal àti Herbert Oettgen láti ilé ìwòsàn Sloan Kettering ní New York gbọ́ nípa àwọn ọmọ yìí, wọ́n mú oògùn wá. Àkọ́kọ́ ni methotrexate. Gbogbo wa la mọ fólíkì ásíìdì tí wọ́n ń fún aboyún. Oògùn yìí jọ ọ́ gan-an, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á sì gbé e mì láìfura, iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe kò ní ṣeé ṣe mọ́, kò ní lè pín ara rẹ̀ sí méjì mọ́. Èkejì ni cyclophosphamide, tí àwọn ará Jámánì ṣe ní àwọn ọdún 1950, tí òun àti gáàsì olóró ojú ogun jẹ́ ìbátan. Ẹ̀kẹta ni vincristine, tí wọ́n ń fà jáde láti inú òdòdó kékeré kan tó ti Madagásíkà wá, aláwọ̀ osùn tàbí funfun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn síwájú ilé nílẹ̀ wa nítorí ẹwà rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ya àwọn dókítà náà lẹ́nu. Kókó tó ti bo ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ kú lẹ́yìn náà, nítorí àrùn náà padà. Àwọn kan wà tí ìyá wọn gbé lọ sílé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, tí kò sẹ́ni tó retí wọn mọ́, ọdún sì ń gorí ọdún, wọ́n ṣì wà láàyè. Ní Nairobi, Peter Clifford ń rí irú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Ngu ń rí i pẹ̀lú. Ní 1965 ó tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn aláìsàn tó ti lò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Ngu tẹnu mọ́ tí mo fẹ́ràn púpọ̀: ó ní oògùn nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, pé ara ọmọ fúnra rẹ̀ ń bá jẹjẹrẹ jà, oògùn kàn ń dín ọ̀tá kù fún un ni. Ní ìgbà tó sọ ọ́, àwọn tó gbà á kò pọ̀. Lónìí, odindi ẹ̀ka ìṣègùn jẹjẹrẹ kan ló dúró lórí èrò bẹ́ẹ̀.

Ní Oṣù Kìíní 1966, àwọn tó ń tọ́jú àrùn yìí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi pàdé ní Kampala, wọ́n kó ohun tí oníkálukú ti rí jọ. Ó hàn pé ìtọ́jú tí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ń fi ọwọ́ òsì ṣe láàárín iṣẹ́ mìíràn kò tó mọ́. Ó nílò ilé tirẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Burkitt padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ní Oṣù Kẹjọ 1967, ilé náà ṣí ilẹ̀kùn. Lymphoma Treatment Center ni wọ́n pè é. Ọwọ́ mẹ́ta ló gbé e ró: àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí jẹjẹrẹ, National Cancer Institute, ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní Makerere, tí Ian McAdam jẹ́ olórí rẹ̀, àti ilé-iṣẹ́ ìjọba Ùgáńdà fún ètò ìlera. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò ju nǹkan bí ogún lọ. Ziegler tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Òmìnira Ùgáńdà kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, àwọn ọ̀dọ́ dókítà tó jáde ní Makerere sì gbà pé àwọn lè ṣe ohunkóhun.

Àwọn ìyá máa ń bá ọmọ wọn sùn sí wọ́ọ̀dù. Oògùn náà kò ṣe é fi ṣeré. Nígbà tí kókó ńlá bá yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdọ̀tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kú á ya lu ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dí kíndìnrín pa. Ọmọ tí jẹjẹrẹ kò pa, ìwòsàn lè pa á lọ́jọ́ kejì. Omi ni wọ́n ń fi gbà wọ́n là, omi púpọ̀ nínú iṣan, kí ọmọ máa tọ̀, kí nọ́ọ̀sì sì máa wọn ìtọ̀ náà tọ̀sán-tòru. Ẹni tó wọn ìtọ̀ ọmọ láàjìn ní Mulago wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí náà, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú ìwé kankan.

Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ti àdábọwọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tó tàbí ká tún un ṣe, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́: ọmọ tí gègé bá mú sí apá kan á gba ẹyọ kan, ẹni tó bọ́ sí apá kejì á gba púpọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn tí ara wọn le nìkan ni dókítà ń yàn sí ibi tó wù ú. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí àrùn náà bá fẹ́ padà, ó sábà máa ń fara pamọ́ sínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí oògùn inú ẹ̀jẹ̀ kò ti lè tètè dé. Ojú ọmọ á yẹ̀, ẹsẹ̀ á rọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gún oògùn gba ẹ̀yìn wọlé tààrà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1970 àti 1971 fún gbogbo ayé láti kà.

Iṣẹ́ tí mo rò pé ó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn tó ń wa mọ́tò lọ sí abúlé. Ọmọ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù tí kò padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, wọn kì í kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti sọnù. Wọ́n á wá a lọ. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀, wọ́n á béèrè ní ọjà, títí wọn yóò fi débi tí ọmọ náà ń gbé, bó wà láàyè tàbí bó kú. Ẹni tó bá ní oògùn òun wo jẹjẹrẹ sàn kò lè jẹ́rìí rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Àfi kó fojú rí ọmọ náà lẹ́yìn ọdún kan, ọdún méjì, ọdún márùn-ún. Nítorí ìrìn wọ̀nyí ni ayé fi gba ọ̀rọ̀ Kampala gbọ́, àti pé nínú ohun gbogbo tí mo mọ̀ nípa ilé ìtọ́jú yìí, èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ilé ìwòsàn wa kọ́.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó pète rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tí kókó wú sí ojú rẹ̀ ọ̀tún. Kí wọ́n tó fún un ní oògùn kankan, àrùn èèyí kọ lù ú. Bí èèyí náà ṣe ń sọ sí i lára, bẹ́ẹ̀ ni kókó ojú ń fọ́n, títí ó fi lọ. Avrum Bluming àti Ziegler ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1971. Àwọn tó ń gbìyànjú lónìí láti fi fáírọ́ọ̀sì èèyí tí wọ́n ti tù lójú bá jẹjẹrẹ jà ṣì ń tọ́ka sí àwòrán ọmọ Ùgáńdà yìí.

Ní 1969, wọ́n dá apá kejì sílẹ̀, fún àwọn àgbàlagbà tó ní jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní Kaposi, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àti irú wọn. Apá méjèèjì pọ̀, wọ́n di ilé ìtọ́jú kan ṣoṣo, Uganda Cancer Institute.

Idi Amin ti gba ìjọba ní Oṣù Kìíní 1971. Ní Oṣù Kẹjọ 1972, ó fún àwọn ará Éṣíà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti kó jáde ní Ùgáńdà, àwọn dókítà àti àwọn apòògùn bá wọn lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà kó lọ. Ọdún tí àmì-ẹ̀yẹ Lasker dé ọwọ́ Ziegler ni Kampala bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ló kú nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn á tì, koríko á hù. Èyí kò kú. Charles Olweny, ọmọ Ùgáńdà tó kàwé ní Makerere, gbà á, ó sì ń báṣẹ́ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fojú kékeré wo ohun tí Olweny àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìlú tí sójà lè wá mú ọ̀gá àgbà yunifásítì tí a kò tún ní gbúròó rẹ̀ mọ́ ni wọ́n ti ń ṣẹ́ gègé, tí wọ́n ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ ìwádìí jáde. Ní 1974, wọ́n fi èsì ìdánwò oògùn oríṣi mẹ́ta pọ̀ fún jẹjẹrẹ Kaposi hàn. Ní 1975, Olweny, Katongole-Mbidde, Kyalwazi àti àwọn yòókù kọ nípa oògùn Adriamycin fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, àrùn tó ń pa àwọn ọkùnrin tó wà lójú agbára wọn, tí kò sí oògùn kankan tó ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Oògùn náà kì í wò ó sàn, ṣùgbọ́n ó ń mú kókó rẹ̀ súnkì lára àwọn kan, láti ìgbà náà títí wọnú ọ̀rúndún yìí, òun ni àwọn dókítà káàkiri ayé ń nawọ́ mú fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní àsìkò kan náà, àwọn olùwádìí ti ń fi hàn ní Ùgáńdà pé agbègbè tí oúnjẹ bíi ẹ̀pà àti ẹ̀wà ti ń bu jù ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti ń pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ tó kan àká gbogbo àgbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá nìyẹn.

Amin ṣubú ní 1979, wàhálà kò sì tán. Olweny sá kúrò nílùú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ṣiṣẹ́ káàkiri ayé, ó wá padà sílé nígbẹ̀yìn láti jẹ́ ọ̀gá àgbà Uganda Martyrs University. Edward Katongole-Mbidde ló bọ́ sí ipò rẹ̀, àsìkò tirẹ̀ sì le ju ti ẹni tó ṣáájú lọ lọ́nà mìíràn. Jẹjẹrẹ Kaposi tí wọ́n ti mọ̀ sí àrùn àwọn àgbà ọkùnrin, tó ń rọra jẹ ẹsẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, yí padà lójijì. Ó ń mú ọ̀dọ́, ó ń mú obìnrin, ó ń wọ ẹnu àti ẹ̀dọ̀fóró, ó ń pa wọ́n láàárín oṣù díẹ̀. Àrùn éèdì ni. David Serwadda, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú náà nígbà náà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé ohun kan náà ló wà nídìí Kaposi tuntun yìí àti àrùn rírù tí wọ́n ń pè ní „slim" ní agbègbè Rakai, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1985. Wọ́ọ̀dù kún fọ́fọ́. Owó kò sí. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, mo lè kọjá lórí wọn kíákíá nítorí pé bákan náà ni wọ́n rí: aláìsàn ń pọ̀, ilé ń gbó, àwọn dókítà ń lọ sí òkè òkun.

Nígbà tí Jackson Orem gba ìdarí ní 2004, òun nìkan ni dókítà jẹjẹrẹ tó kù ní gbogbo Ùgáńdà.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti wá ni Seattle ní Amẹ́ríkà. Ilé ìwádìí Fred Hutchinson ń wá ibi tí wọ́n ti lè kọ́ nípa jẹjẹrẹ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, Kampala sì ni ìyá gbogbo wọn: Epstein-Barr nínú àrùn àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi orúkọ Burkitt pè, fáírọ́ọ̀sì ẹ̀dọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, òmíràn nínú Kaposi, òmíràn nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tó ń mú àwọn obìnrin Ùgáńdà ju jẹjẹrẹ yòókù lọ. Àjọṣe náà fìdí múlẹ̀ ní 2008. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀, lójú tèmi, ni pé wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ dókítà Ùgáńdà lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n sì padà wálé. Ní Oṣù Karùn-ún 2015, wọ́n ṣí ilé tuntun alájà mẹ́ta fún ìtọ́jú àti ìwádìí lórí òkè náà. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ti fọwọ́ sí owó tí Ùgáńdà yóò fi di ibi tí gbogbo Ìlà-Oòrùn Áfíríkà yóò ti máa kọ́ nípa jẹjẹrẹ, tí Kẹ́ńyà mú ti kíndìnrín, tí Tanzania mú ti ọkàn. Ní 2016, òfin kan jáde tó fún ilé ìtọ́jú náà ní àṣẹ ara rẹ̀.

Ọdún 2016 yẹn kan náà ni ojú tì wọ́n. Ẹ̀rọ onítànṣán kan ṣoṣo tí orílẹ̀-èdè náà ní, tó ti wà ní Mulago láti 1995, bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn tó ń gbàtọ́jú lọ́wọ́ dúró sójú kan. Ilé ìwòsàn Aga Khan ní Nairobi ní òun yóò tọ́jú irinwó nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá rówó ọkọ̀ ló sì lè dé ibẹ̀. Oṣù Kìíní 2018 ni ẹ̀rọ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí Burkitt kò ní ní 1960 ni Kampala tún ṣe aláìní fún nǹkan bí ọdún méjì ní àkókò tiwa yìí. Ẹ̀rọ kan fún odindi orílẹ̀-èdè, tí kò sí arọ́pò rẹ̀ nílé: ìjọba tó bá fi ara rẹ̀ sírú ipò bẹ́ẹ̀ kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí wọn dá ilé náà sílẹ̀ ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, nínú ọmọ mẹ́wàá tó ní àrùn Burkitt, ó lé ní mẹ́jọ tó ń yè. Ní ibi tí a ti kọ́ bí a ṣe ń wò ó, ó ṣòro kó dé ìdajì. Oògùn mẹ́ta àtijọ́ náà ni wọ́n ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀: cyclophosphamide, vincristine, methotrexate. Àṣẹ ìdáṣe orí wọn ti tán tipẹ́, owó wọn kì í ṣe owó ńlá mọ́, síbẹ̀ ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í sí lórí àtẹ. Ìtọ́jú líle tí àwọn ọmọ òkè òkun ń gbà máa ń pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ run fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ tó bá gbà á gbọ́dọ̀ rí ẹ̀jẹ̀ gbà nígbàkugbà, kó rí oògùn tí yóò pa kòkòrò, kó wà níbi tó mọ́. Láìsí ìwọ̀nyí, ìtọ́jú náà á pa á. Àwọn ọmọ sì ń pẹ́ kí wọ́n tó dé, nítorí wọ́n ti fa eyín wọn, wọ́n ti fún wọn ní oògùn ibà, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀. Àrùn tó ń di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ méjì kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Àríwá Ùgáńdà ni àrùn náà ti pọ̀ jù. Ìyá tó bá ti Gulu wá sí Mulago ń rin ìrìn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún kílómítà, ó fi àwọn ọmọ yòókù sílé, ó fi oko sílẹ̀, ìtọ́jú sì gba oṣù mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ń padà sílé ní ìdajì ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ilé ìwòsàn St. Mary's Lacor ní Gulu fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àrùn Burkitt níbẹ̀, tí ilé ìtọ́jú Mulago náà sì fi ń tan ẹ̀ka rẹ̀ dé Gulu, kí ìyá lè rí abẹ́rẹ́ gbà fún ọmọ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.